Ìwé Ẹ̀rí Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, níbi tí ilé tuntun ti ń hù lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí wọn kì í pè ní ẹnjiníà. Bíríkìlà ni o, ẹni tó ń tẹ irin ni o, ẹnjiníà ni gbogbo wọn. Àpọ́nlé ni, a ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n òfin tó dá COREN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1970 kò fi orúkọ náà ṣeré: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ COREN kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò tó ń gbé orúkọ ẹni dé inú ìwé náà pọ̀ ládùúgbò wa. Ẹ jẹ́ ká tún èdè wọn ṣe díẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ. Yunifásítì ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí; ó ń jẹ́rìí pé èèyàn kẹ́kọ̀ọ́ yanjú. Ìwé àṣẹ ló ń fúnni láyè láti ṣiṣẹ́. Awakọ̀ lè mọ ọkọ̀ wà dáadáa, bí kò bá ní láísẹ́ǹsì, Road Safety á dá a dúró ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn digirí, ó kéré tán, ọdún mẹ́rin lèèyàn á fi ṣiṣẹ́ kó tó ṣe ìdánwò NSE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, kó tó wá kan COREN.

“Mo fẹ́ jókòó fún ìdánwò.” Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, Yorùbá kọ́. Ìdánwò là ń ṣe. Àwọn kan ń sọ pé àwọn ń “kọ” ìdánwò, kò burú bó bá jẹ́ ti orí ìwé nìkan. Ṣùgbọ́n ti NSE yìí ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú: àwọn àgbà iṣẹ́ á gbé ìròyìn iṣẹ́ tí o ti ṣe síwájú, wọ́n á bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi ri ìpìlẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí irin pílà fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu lo máa fi dáhùn. “Ṣe” ló kó méjèèjì pọ̀.

“Ẹ gbàdúrà fún mi, mo wà nínú ìdánwò.” Bí o bá sọ èyí létí àwọn aládùúrà Mowe, ààwẹ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó wà nínú ìdánwò, wàhálà ló bá a. Sọ pé, “Mo fẹ́ ṣe ìdánwò.”

“Mo kọjá ìdánwò náà.” Ẹni tó gba iwájú gbọ̀ngàn ìdánwò lọ sọ́jà náà kọjá. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa yege. Ẹni tí kò bá ṣe é dáadáa fìdí rẹmi, kó tún padà lọ múra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sórí ilẹ̀ akúrọ̀ lápá Ibafo, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bí ẹ bá ní kí ẹnjiníà mú ìwé wá, ẹ má gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ dákẹ́. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ COREN kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́.