Ọmọ Ajá ní Ilé Tọkọtaya

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn ìlú etí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ọdẹ nìkan ni ó ń sin ajá. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tiwọn, wọ́n lè wá ọmọ ajá kan tí yóò máa ṣọ́ ilé fún wọn.

Kò yẹ kí a já ọmọ ajá gbà lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá dé ilé titun, yóò máa ké lóru, nítorí pé àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Kí wọ́n má ṣe nà án. Kí ìyàwó máa fún un ní oúnjẹ nígbà mẹ́ta lójúmọ́; kí ọkọ sì máa mú un jáde ní òwúrọ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò máa yàgbẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó ju oúnjẹ lọ. Bí ó bá pé oṣù 3, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ẹran fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá ni àrùn yìí ń gbà ran ènìyàn. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó là á já. Ní ọdún 1885, Louis Pasteur, ará Faransé, fi àjẹsára tọ́jú ọmọ ọdún 9 kan tí ajá bù jẹ, ọmọ náà kò sì kú. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ajá ṣọ́ òun, òun náà gbọdọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ ajá.