Ẹ Fọhùn Kí Ẹ Tó Já Ilẹ̀kùn

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọlọ́pàá kan fo ògiri wọ ilé kan ní Ògbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fi bàtà já ilẹ̀kùn, wọ́n mú afurasí olè lórí ibùsùn, ọ̀gá wọn sì ń yìn wọ́n pé ọwọ́ wọn yá. Inú bí mi gan-an. Ẹni tí wọ́n wá lọ náà ni wọ́n mú, n ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó já a.

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ ti mọ abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 tó dáàbò bo ilé oníkálukú. Ẹ sì mọ̀ pé ọlọ́pàá lè wọlé láìmú wáráǹtì dání bó bá ní ìdí gúnmọ́ láti fura pé ẹni tó fẹ́ mú wà níbẹ̀. Ìdajì òfin lẹ há sórí yẹn. Ìdajì kejì ni pé ẹ ó sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ẹ ó sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá, ẹ ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìgbà tí wọn ò bá ṣí i lẹ tó lè já a. Ó wà ní abala 12 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ìyẹn ACJA ọdún 2015. Ó wà ní abala 7 CPA, òfin àtijọ́ tó ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n fi kọ́ àwa ní Police College Ìkẹjà. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n ń lù pa nínú yàrá, ẹ wọlé kíá. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Sájẹ́ǹtì kan ní Agége ló kọ́ mi níṣẹ́. A lọ sí ilé face-me-I-face-you kan nítòsí ojú irin, yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, sítóòfù kálukú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ṣílẹ̀kùn ìta fún wa, ó nawọ́ sí yàrá kan. Ẹnì kan nínú wa ti na èjìká láti gbá a wọlé. Sájẹ́ǹtì fà á ní bẹ́líìtì sẹ́yìn. Ó ní, “Lánlọ́ọ̀dù ló ni ilé, ayálégbé ló ni yàrá.” Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó dárúkọ ara rẹ̀ àti tésàn wa, ó ní, “Bàbá, wáyà tó sọnù ní kọ́ńpìnnì yín la bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn.” Ó wá dákẹ́. À ń gbọ́ tí ìyàwó ilé ń wá ìró. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ.

Ẹ má ṣe tú mátírẹ́ẹ̀sì afurasí torí pé ẹ ti wọlé mú un. Ẹrù lẹ ń wá? Ẹ lọ gba wáráǹtì lọ́wọ́ májísíréètì. Òfin gbà kí wọ́n fún yín lọ́jọ́ Sunday pàápàá. Ẹ sì mú ẹlẹ́rìí méjì dání.

Ẹ wo àpẹẹrẹ àwọn tí kò sọ ohun tí wọ́n bá wá: ní January 30, 1996, ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àárọ̀, ọkùnrin mẹ́fà tó ní ọlọ́pàá àti SSS, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, làwọn lọ mú agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi nílé láìsí wáráǹtì. Wọn ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un. Wọ́n gbé e lọ sí àtìmọ́lé SSS ní Shangisha, lẹ́yìn náà ó dé ẹ̀wọ̀n Bauchi. Ẹjọ́ tó pè lórí ọ̀rọ̀ náà dé Supreme Court, ìdájọ́ jáde ní 2000. Ẹ wá a kà. Inú àwọn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ lẹ ó ti rí i pé wọn ò sọ ẹ̀sùn kankan fún un. Decree 2 àwọn ológun, tó fàyè gba títi èèyàn mọ́lé láìgbẹ́jọ́, ni wọ́n gbójú lé. Kí lẹ̀yin gbójú lé?

Àwọn kan á ní adájọ́ ṣì lè gba ẹ̀rí tí a rí lọ́nà àìtọ́. Ẹ ka abala 14 àti 15 Evidence Act ọdún 2011 dópin. Adájọ́ lè kọ̀ ọ́, yóò sì wò ó bóyá ńṣe lẹ mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sófin. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ti padà dé tésàn, kí ẹ tó jókòó mu omi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: aago tẹ́ ẹ kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ, ẹni tó dá yín lóhùn, bẹ́ ẹ ṣe dúró pẹ́ tó.