Wọ́n tú u ni, ó ya ni, àbí ó wó?

Bí oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ bá ti wọlé tí òjò ò sì dáwọ́ dúró, gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti àwọn èrò ọkọ̀ ní Èkó: ‘Dáàmù Ọ̀yán ti ya.’ Ẹni tó gbọ́ ọ ní Isheri á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù sórí tábìlì. Ẹni tó gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ ní Ọba Àkràn, n’Íkẹjà, á ní kò kan òun. Gbólóhùn náà kúrú, kò sì nira láti sọ, ṣùgbọ́n ó da ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò jọra pọ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù ṣí gẹ́ètì, wọ́n tú omi sílẹ̀. Nígbà mìíràn, odò ló kún kọjá etí rẹ̀ nítorí òjò. Ti pé ara dáàmù fúnra rẹ̀ wó, ìyẹn kò tíì ṣẹlẹ̀ rí ní Ọ̀yán. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Bí a ṣe ń fi ‘ya’ bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ ń pa wá lára, nítorí kì í jẹ́ kí a mọ ẹni tó yẹ ká bi léèrè, kì í sì í jẹ́ kí a mọ irú ewu tó yẹ ká sá fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo dáàmù gan-an. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ó sì ti di tiwa. N kò rí ìdí tí a ó fi lé e jáde. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ní orúkọ láti ayébáyé: sísé ni a ń sé odò. Àwọn apẹja a máa sé odò kékeré kí wọ́n tó gbọ́n omi rẹ̀ láti kó ẹja. Àwọn kan ti ń pe dáàmù ní ‘ìdídò’, n kò sì fara mọ́ ọn. Ìdọ̀tí ló ń dí gọ́tà ní Àgége, láìsí ẹni tó jókòó pète rẹ̀. Ẹni tó bá sé odò mọ ohun tó ń ṣe, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi tó bá pọ̀ jù yóò gbà jáde. Ọ̀nà àbájáde yẹn ni ọ̀rọ̀ ààbò dáàmù rọ̀ mọ́ jù lọ. Bí omi kò bá rí ọ̀nà gbà, orí dáàmù ni yóò gùn kọjá, dáàmù tí a sì fi erùpẹ̀ mọ kì í pẹ́ fọ́ bí omi bá ti ń gba orí rẹ̀ ṣàn. Nítorí náà, ṣíṣí gẹ́ètì kì í ṣe ìwà ìkà. Ohun tí a kọ́ gẹ́ètì fún náà nìyẹn.

Odò Ọ̀yán ni wọ́n sé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, odò náà sì ń ṣàn wọ odò Ògùn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré: Ògùn ni odò àti ìpínlẹ̀, Ògún ni òrìṣà irin.) Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù náà ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1983. Ó ga tó mítà 30, adágún rẹ̀ sì lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì. Gẹ́ètì mẹ́rin ló wà ní ọ̀nà àbájáde rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 15, ó sì ga tó mítà 7. Ogun-Osun River Basin Development Authority, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣe àbójútó rẹ̀. Omi tí dáàmù yìí ń tọ́jú ni kì í jẹ́ kí odò Ògùn fà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú odò Ògùn yìí kan náà ni wọ́n sì ti ń fa omi ní Akute lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjù, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1915, àti ti Adíyàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1991. Ibẹ̀ ni omi ẹ̀rọ Ìkẹjà àti Àgége ti ń wá. Bí odò náà bá kúrò ní Akute, ó di Isheri, ó di ọjà màlúù Kara, ó di Owódé-Ẹlẹ́dẹ̀, Agbóyì àti agbègbè Mile 12, kó tó wọ ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ ní Ògbà àti Ìkẹjà, àwọn àdúgbò wọ̀nyí ni wọ́n ń sùn. Ẹni tó ní kò kan òun kò tíì rò ó jinlẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó bá ya, agbára ara rẹ̀ ló fi ń ya. Èrò a máa ya bo ọjà, eṣinṣin a máa ya bo ẹran. A kì í béèrè ẹni tó rán wọn. Ìdí nìyẹn tí ‘omíyalé’ fi bá ọ̀ràn òjò mu, àwọn ará Ìbàdàn tó sì fi orúkọ yẹn pe ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. ‘Tú’ yàtọ̀. Ìjọba a máa tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, darandaran a máa tú màlúù sílẹ̀. Ẹnìkan ló ń tú nǹkan. Bí a bá ní ‘wọ́n tú omi sílẹ̀’, ‘wọ́n’ yẹn ti na ìka sí àwọn ènìyàn, ìbéèrè sì ti tẹ̀ lé e: àwọn wo ni? Gẹ́ètì mélòó ni wọ́n ṣí? Ta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún? Ọ̀rọ̀ yìí tún ní àǹfààní kan tí ‘ya’ kò ní: a lè dá ọjọ́ fún un. A lè sọ pé ‘a ó tú omi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì’, kí ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ odò palẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ‘omi yóò ya lọ́jọ́ Ẹtì’. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010, nígbà tí omi tí wọ́n tú láti Ọ̀yán bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ilé wọn sílẹ̀, ‘ya’ kò bá ọ̀ràn náà mu. Ní ti ‘wó’, ara dáàmù nìkan ni ó wà fún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2024, apá kan dáàmù Alau wó nítòsí Maiduguri, omi gba ìlú, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì di aláìnílé. Ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ kan náà fún Alau àti fún gẹ́ètì méjì tí wọ́n ṣí ní Ọ̀yán ń dẹ́rù bà wá níbi tí kò yẹ, ó sì ń mú kí etí wa kú sí ìkìlọ̀ ọjọ́ tí ewu bá dé ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ ewu yìí ló tún ń da ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn láàmú. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń to dáàmù sí ìpele ewu. Ní Amẹ́ríkà, ìpele mẹ́ta ló wà, èyí tó ga jù sì ni ti dáàmù tó jẹ́ pé bí ó bá wó, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn kú. Ìpele yìí kò sọ ohunkóhun nípa bí ara dáàmù ṣe rí. Dáàmù tuntun tí kò sán rárá lè wà ní ìpele tó ga jù nítorí ìlú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ògbólógbòó dáàmù tó ń jò láàárín igbó lè wà ní ìpele tó kéré jù. Síbẹ̀, bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó kọ ọ́ pé ‘dáàmù yìí léwu’, bí ẹni pé ó ti fẹ́ wó. Àwọn àgbà ti la èyí lẹ́sẹẹsẹ nínú òwe: Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pa á sí. ‘Ewu ń bẹ’ ń sọ ti ibi tí a wà. ‘Ewu ni’ ń sọ ti ẹni náà gan-an. Bí a bá ní ewu ńlá ń bẹ nísàlẹ̀ Ọ̀yán, òótọ́ tí ojú rí ni, nítorí ilé pọ̀ létí odò Ògùn. Bí a bá ní Ọ̀yán fúnra rẹ̀ ewu ni, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn, ó sì ń fẹ́ ẹ̀rí ẹni tó yẹ ara dáàmù wò. Ìyàtọ̀ yìí tún fi ohun kan hàn wá: ìpele ewu lè ga sí i láìjẹ́ pé òkúta kan yẹ̀ lára dáàmù. Gbogbo ilé tí a kọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Isheri láti ọdún 1983 ló ń gbé e sókè.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́ ṣe fún ẹni tí omi ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìjàǹbá, kò lè ṣe púpọ̀; kó tó ṣẹlẹ̀ ló wúlò. Bí wọ́n bá fẹ́ tú omi, àyè wà láti kó ẹrù. Bí dáàmù bá wó, kí ènìyàn fi ẹrù sílẹ̀ kó gba ibi gíga lọ ló kù. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2017, nígbà tí ọ̀nà àbájáde omi bàjẹ́ ní Oroville, ní California, nǹkan bí 188,000 ènìyàn ni wọ́n ní kó kúrò nílé. Ara dáàmù náà kò wó, ṣùgbọ́n wọn kò dúró dìgbà tí yóò wó. Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: àwọn aláṣẹ ń sọ pé òjò àti ọ̀sà tó kún ń bo etí odò Ògùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí gẹ́ètì. Òótọ́ ni, odò Ògùn ti ń kún kí wọ́n tó sé Ọ̀yán. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ló fi yẹ kí ọ̀rọ̀ wa ṣe régé. Lọ́dún tó bá jẹ́ òjò, kí a ní odò ya, kí a má fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Lọ́dún tó bá jẹ́ gẹ́ètì, kí a má ṣe sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn á ní bí ará ìlú bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni èdè ń rí. Mo gbà fún ẹni tó ń sáré gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nínú omi; n kò gbà fún ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ìkìlọ̀, ẹ bá wa fi orúkọ olùṣe síwájú gbólóhùn yín. Ẹ sọ àjọ tó fẹ́ ṣí gẹ́ètì, ẹ sọ iye gẹ́ètì, ẹ sọ ọjọ́ tí yóò jẹ́, ẹ sì dárúkọ àwọn àdúgbò tí omi náà yóò gbà kọjá, láti Isheri títí dé Agbóyì.