Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Ta Ni Yóò Máa Gba Owó Ẹnu Ọ̀nà?

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Mo rí ìwé àdéhùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìyá rẹ ti pè mí pé kí n bá òun bá ọ wí, kí o fi eré sílẹ̀, kí o padà sídìí iṣẹ́ báńkì. N kò ní í sọ ìyẹn. Ẹni tó kọ irú ìtàn tí o kọ yẹn, a kì í ní kó lọ máa ka owó olówó. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà ni mo ń bá jà: èyí tó ní ọ̀gá oníṣánẹ́ẹ̀lì yóò san owó fún ọ lẹ́ẹ̀kan, tí ìtàn náà, fíìmù náà àti ohunkóhun tó bá tinú rẹ̀ jáde yóò sì di tirẹ̀ títí láé.

O ní ayé ti yí padà, pé àwa àgbà kò mọ bí YouTube ṣe ń ṣiṣẹ́. Ayé yí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí eré Yorùbá bá ti pààrọ̀ aṣọ, ohun kan náà ni mo máa ń wò: ta ló ń gba owó ẹnu ọ̀nà?

Bàbá Ògúndé, àgbà eré ìtàgé Yorùbá, kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí eré, ẹgbẹ́ tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní 1945, àwọn ló ni ín. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè wọ́n ní 1964 nítorí eré wọn *Yorùbá Ronú*, wọ́n kó ẹrù sọ́kọ̀, wọ́n lọ ń ṣeré níbi tí òfin náà kò dé, títí ìjọba ológun fi tú wọn sílẹ̀ ní 1966. Ká ní owó oṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ilé ni wọn ì bá jókòó sí. Nígbà tí fíìmù dé, tí *Àjàní Ògún* jáde ní 1976, tí Ade Love àti Ògúndé náà ṣe tiwọn, àwọn fúnra wọn ló ń gbé fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú. Wọn kì í fi sílẹ̀ kí wọ́n wá lọ sùn.

Bàbá Sàlá aláwàdà ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ní 1982, wọ́n da owó tiwọn àti owó tí wọ́n yá sórí *Ọ̀run Móoru*. Kó tó di pé fíìmù náà yí gbogbo ilé sinimá ká, àwọn olè ti gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín ló wá di ẹni tó ń sá fún olówó.

Lẹ́yìn tí náírà ṣubú ní 1986, agbára kò ká fíìmù ńlá mọ́, torí òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Sinimá àgbéléwò gbòde. Ibí ni mo fẹ́ kí o tẹ́tí sí. Àwọn máríkẹ́tà Ìdúmọ̀tà àti Alábà ló ń mú owó wá, àwọn ló ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, àwọn nìkan ló sì mọ iye tí wọ́n tẹ̀. Òṣèré gba owó lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀, ó ra mọ́tò. Ọdún ń gorí ọdún, fíìmù náà ń tà, wọ́n ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, kọ́bọ̀ kò tọ̀ ọ́ wá mọ́. Àwọn àgbà òṣèré tí à ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tọrọ owó ilé ìwòsàn, ṣé o rò pé wọn kò ṣiṣẹ́ ni? Wọ́n ṣiṣẹ́. Ìwé ni wọn kò kà.

Ohun tó yàtọ̀ lákòókò tiyín ni pé ẹnu ọ̀nà ti wà nítòsí. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ bá ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti wo iṣẹ́ rẹ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, YouTube yóò máa pín owó ìpolówó fún ọ: nínú ọgọ́rùn-ún náírà tó wọlé lórí fíìmù rẹ, 55 jẹ́ tìrẹ. Àwọn ọmọ wa tó ń wò ó ní London àti Houston tún ń mú owó tó pọ̀ ju tiwa wá, nítorí owó ìpolówó tọ̀hún wọ́n. Ọdún mélòó ni ènìyàn yóò fi máa wò ó? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ọdún yẹn gan-an ni ọ̀gá rẹ fẹ́ rà, òun ló fi jẹ́ pé owó náà pọ̀ lójú rẹ.

Wo Fúnkẹ́ Akíndélé. Jenifa, ẹ̀dá ìtàn inú fíìmù rẹ̀ tó jáde ní 2008, òun náà ló tún gbé wọ sinimá ní December 2024, lẹ́yìn tó ti fi ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ní ó ti ta orúkọ yẹn nígbà náà ńkọ́? Má sì gbójú lé òyìnbó: Amazon Prime tó ń fi fíìmù hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì dá owó fíìmù tuntun dúró fún ilẹ̀ Áfíríkà ní January 2024, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fọwọ́ lẹ́rán.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ìtàn wà títí yóò fi kú, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè rà á di tirẹ̀ láìsí àkọsílẹ̀. Ìwé tí o fẹ́ fọwọ́ sí yẹn ni àkọsílẹ̀ náà. Nítorí náà, lọ bá ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Sọ fún un pé o fẹ́ fi ìtàn náà háyà fún un fún ọdún mẹ́ta, o kò tà á. Pé bí ẹ bá fẹ́ ṣe apá kejì, ẹ óò tún jọ jókòó. Pé kò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe ojú tàbí ohùn rẹ jáde nínú fíìmù tí o kò sí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí wà lára ohun tí àwọn òṣèré Amẹ́ríkà fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2023, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lo oṣù mẹ́rin lórí rẹ̀. Bí ó bá bínú pé òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, rán an létí pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà.

Bí ó bá kọ̀, kó ìtàn rẹ, kí o máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Èmi àti ìyá rẹ yóò wá owó kámẹ́rà. Mo ti bá a sọ ọ́, ó kùn díẹ̀, ó gbà. Ṣáà má fọwọ́ sí ìwé yẹn. Pè mí kí o tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Ìbàdàn