Eyín Tí A Tún Ṣe

Ka ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Lẹ́yìn náà, dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

Eyín wúlò fún wa púpọ̀. Eyín ni a fi ń jẹ àgbàdo, iṣu àti ẹran. Eyín tún ń ràn wá lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ kì í lè pe "fìlà" dáadáa.

Ọmọdé ní eyín 20. Bí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, eyín wọ̀nyí a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọmọ a ju eyín tó yọ sórí òrùlé, inú rẹ̀ a sì dùn. Eyín mìíràn a hù dípò rẹ̀. Àgbà tí eyín rẹ̀ pé ní eyín 32. Ṣùgbọ́n bí eyín kejì yìí bá kán, òmíràn kò ní í hù mọ́.

Ọ̀pẹ pọ̀ ní agbègbè Kétu àti Pọbẹ̀. Nítorí náà, àwọn ọmọdé fẹ́ràn èkùrọ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan fẹ́ jẹ èkùrọ́. Kò wá òkúta. Ó fi eyín pa á. Ó dún kẹ́! Igun eyín iwájú rẹ̀ kán. Láti ọjọ́ náà, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ní kíláàsì, kò fẹ́ dìde kàwé mọ́.

Dókítà eyín kò sí ní gbogbo ìlú. Ìyá rẹ̀ mú un lọ sí Àjàṣẹ́.

Kí ni dókítà ṣe? Ronú nípa ẹni tó ń rẹ́ ògiri alámọ̀. Kì í rẹ́ amọ̀ tuntun mọ́ ògiri tó ń dán. Ó máa ń kọ́kọ́ ha ògiri náà, kí amọ̀ lè dì í mú. Dókítà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọ eyín náà. Ó fi oògùn kíkan díẹ̀ pa á, kí ó má dán mọ́. Michael Buonocore, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọgbọ́n yìí jáde ní ọdún 1955.

Lẹ́yìn náà, dókítà fi nǹkan rírọ̀ kan, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti eyín, mọ igun tó kán. Ó mọ ọ́n bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Ó tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, ó sì le. Ó ha á títí ó fi dán.

Ọmọ náà wo dígí. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Ṣé yóò wà títí ayé?"

Dókítà dáhùn pé, "Rárá, ọmọ mi. Ó lè lò tó ọdún 5. Bí o bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè tó ọdún 10. Bí o bá tún fi pa èkùrọ́, ó lè kán lọ́la."

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú irú eyín bẹ́ẹ̀?

1. Fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní àárọ̀ àti kí o tó sùn.
2. Bí o bá ń run orin àtà, run ún kí ó kọ́kọ́ rọ̀. Má fi agbára ha eyín.
3. Má fi eyín ṣí ìgò. Má fi já okùn. Má jẹ pẹ́ńsùlù.
4. Má fi eyín iwájú fọ́ egungun tàbí yìnyín.
5. Dín ṣúgà àti súìtì kù. Eyín tó wà létí ibi tí a tún ṣe lè jẹrà.
6. Obì, kọfí àti tíì lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Kí àgbà tó ní irú eyín yìí dín wọn kù.
7. Padà sọ́dọ̀ dókítà kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí eyín bá kán, má ju èyí tó kán nù. Fi í sínú mílíìkì tàbí omi mímọ́, kí o sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Nígbà mìíràn, ó lè lẹ̀ ẹ́ padà.

Eyín tí a tún ṣe dára. Eyín tí kò kán dára jù ú lọ. Òkúta ni kí o fi pa èkùrọ́.

Ìbéèrè

1. Eyín mélòó ni ọmọdé ní? Mélòó ni àgbà ní?
2. Kí ló mú kí eyín ọmọ náà kán?
3. Kí ló dé tí kò fẹ́ kàwé ní kíláàsì mọ́?
4. Kí ni dókítà ṣe kí nǹkan rírọ̀ náà lè di eyín mú?
5. Ọmọ ọdún 8 ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n tún eyín rẹ̀ ṣe. Bí ó bá lo ọdún 10, ọmọ ọdún mélòó ni yóò jẹ́ nígbà náà?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ya àwòrán ohun mẹ́ta tí kò yẹ kí a fi eyín ṣe.