Iwájú Ni Tiwa, Ẹ̀yìn Ni Ti Gẹ̀ẹ́sì
Ẹ̀yin ará kíláàsì, WAEC ń bọ̀, "poorness" ṣì kún inú àròkọ wa níbi tó yẹ ká kọ "poverty". Ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀ ni mò ń wí, orúkọ ohun tí ojú ò rí, bí ìfẹ́. Iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá ti ń fi kún un: mọ̀ di ìmọ̀, gbàgbọ́ di ìgbàgbọ́. Ẹ̀yìn ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi tiẹ̀ sí jù: kindness, freedom, childhood. Ti lazy, y á di i: laziness. Àwọn olóríkunkun ló ń jẹ wá ní máàkì! Strong di strength, long di length. Ẹ wo o tó di e. Poor ò tiẹ̀ bá ẹnì kankan rìn. Èmi ń kọ wọ́n ní méjì-méjì sẹ́yìn ìwé, màá fọwọ́ bo apá kan, màá wá pe ìkejì.