Bí Gíábọ́ọ̀sì Bá Kọ̀ Tí Kò Jókòó

Ọmọ mi, awakọ̀ yóò dúró lé ọ lórí ní Effurun níbẹ̀, yóò máa fi Pijin kán ọ lójú pé èrò Sapele ń dúró de òun. Jẹ́ kó dúró. Iṣẹ́ gíà mánúà kì í gba ìkánjú, pàápàá nísinsìnyí tí tòkunbọ̀ ti gba ọjà. Láyé Peugeot 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975, ohun tó o bá yọ lára ọ̀kan sábà máa ń bá èkejì mu. Ṣùgbọ́n gíábọ́ọ̀sì Hiace tí wọ́n gbé wá fún ọ láti ọjà Ládípọ̀ lónìí, ta ló mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́?

Nítorí náà, ilẹ̀ ni kó o ti kọ́kọ́ dán an wò. Ki púléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun bọ orí ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì. Eyín wọn gbọ́dọ̀ bára mu, kó máa yọ̀ lọ, kó máa yọ̀ bọ̀. Púléètì ní ojú tó gbọ́dọ̀ kọ sí fùláíwíìlì. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí i lára. Bó o bá dè é sódì, o lè parí gbogbo làálàá rẹ kí gíà má wọlé.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: bí àlàfo bá ṣẹ́ kù láàárín gíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì, má fi bóòtù fà á pọ̀. Mo bẹ̀ ọ́. Bóòtù á ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n etí gíábọ́ọ̀sì á sán tàbí kí àárín púléètì wọ́. Kọ́kọ́ ki gíà, kó o ní kí ẹnì kan rọra yí ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì náà. Nígbà mìíràn eyín lásán ni kò tíì rí ojú ihò. Bó bá ṣì kọ̀, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣé púléètì wà láàárín gbùngbùn? Ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì tó ti bàjẹ́ ni irinṣẹ́ tó dára jù láti fi gbé e sáàárín. Ṣé bíárìn ṣì jókòó lórí fọ́ọ̀kì? Ṣé wáyà kò há síbẹ̀? Ilẹ̀ Warri rọ̀ lásìkò òjò, jáàkì á sì rì. Fi pákó tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, fi sítáǹdì gbé ọkọ̀ dúró, má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan láéláé.

Nígbà tó bá ti jókòó, pa ẹ́ńjìnnì, ki gíà. Bó bá wọlé báyìí, tí kò sì wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà epo kílọ́ọ̀ṣì jáde kó o tó ronú àtitú u. Bí kò bá wọlé rárá, kọ́kọ́ yẹ okùn àti ọ̀pá gíà wò. Lẹ́yìn náà, tan ẹ́ńjìnnì, kó o fetí sí ohùn gíábọ́ọ̀sì ní fíríì: ariwo tó ń dákẹ́ nígbà tó o bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bíárìn ṣáàfù ni kó o fura sí, èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, bíárìn orí fọ́ọ̀kì ni.

Ó ku epo gíà. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní GL-4, má gbọ́ ti ẹni tó ń ta GL-5 tó ní ọ̀kan náà ni. Kẹ́míkà inú GL-5 mìíràn lè jẹ òrùka idẹ tó ń mú kí gíà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó o máa rọ epo náà títí yóò fi fẹ́ ṣàn padà lẹ́nu ihò tó o ti ń rọ ọ́, kó o tó dé e.